Ta Ni Yóò Bọ́ Sárésáré Fún Ọdún Mẹ́wàá?

 

Ẹ̀yin ará Ọ̀fàdà, Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ẹni tó ń sá eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin, eré tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní máratọ́ọ̀nù. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni ọ̀nà rẹ̀. Òlíńpíìkì ìlú London ní 1908 ni wọ́n ti sá iye ọ̀nà yìí, nígbà tó sì di 1921, wọ́n sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn òbí tó wá síbí ni pé, ṣé ọmọ mi lè fi eré yìí jẹun? Ó lè ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìyẹn, òun ni mo gbé wá: ta ni yóò máa bọ́ ọmọ náà ní gbogbo ọdún tí eré náà kò tíì lè bọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016, wọ́n sá Lagos City Marathon fún ìgbà àkọ́kọ́. Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè ni àwọn eléré ti gbéra, wọ́n gba orí Third Mainland Bridge, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Eko Atlantic. Abraham Kiptum, ọmọ Kenya, ló ṣe ipò kìíní pẹ̀lú wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16. Ẹ̀bùn 50,000 dọ́là ló wà fún ẹni tó bá ṣe ipò kìíní. Kiptum padà wá ní 2017, ó tún gbà á. Ní 2018, Abraham Kiprotich tí wọ́n bí ní Kenya ṣùgbọ́n tó ń sá fún ilẹ̀ Faransé ló gbà á. Ní 2019, ó bọ́ sọ́wọ́ Sintayehu Legese láti Ethiopia. Wọ́n máa ń ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà tó bá ṣáájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó sì ń gba ẹ̀bùn yẹn wá láti ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí ojú ọjọ́ sì tutù. Àwa tí a wà ní ẹ̀gbẹ́ Èkó, tí a lè jí lówùúrọ̀ ká sì dé ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré náà, wíwò là ń wò ó.

Àwọn ọ̀dọ́ wa rí owó yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, inú mi sì dùn pé wọ́n rí i. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò fi hàn wọ́n ni bí owó náà ṣe ń wọlé. Eléré tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà sá ju ẹlẹ́mìí ẹṣin méjì lọ lọ́dún, nítorí oṣù bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ara fi ń múra, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì fi ń sinmi. Ọjọ́ méjì péré ló ní láàrin ọdún láti fi pawó. Bí iṣan ẹsẹ̀ bá já nígbà tí ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì yẹn ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìdajì owó ọdún ti lọ. Bó bá sì gbapò kìíní, máníjà yóò mú tirẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ìpín 15 nínú 100. Ìjọba ibi tó ti sáré yóò gba owó orí. Kóòṣì ń retí, ẹni tó ń fọwọ́ ra á lára ń retí, àwọn tí wọ́n jọ ń sáré ní àárọ̀ kùtùkùtù náà ń retí. Owó tó dúró ṣinṣin nínú iṣẹ́ yìí ni ti àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ bàtà, àti owó tí àwọn olùṣètò eré ńlá bíi ti Boston, London, Berlin, Chicago, New York àti Tokyo ń san kí olórúkọ tó gbà láti wá. Ẹni tí kò tíì ní orúkọ kò lè rí ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n háyà láti sá níwájú: wọ́n á san owó fún un kó mú ìyára tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí dé kìlómítà 25 tàbí 30, lẹ́yìn náà yóò yà kúrò lọ́nà kí àwọn olórúkọ kọjá lọ gba ẹ̀yẹ.

Bí a bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń gùn tó, ìgbésí ayé Eliud Kipchoge ni ká yẹ̀ wò dáadáa. Oṣù Kọkànlá ọdún 1984 ni wọ́n bí i, ní abúlé Kapsisiywa ní agbègbè Nandi, ní Kenya. Patrick Sang, tó gba fàdákà nínú eré onídènà 3,000 mítà ní Òlíńpíìkì Barcelona 1992, jẹ́ ọmọ agbègbè kan náà. Òun ló di kóòṣì rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ní Paris ní 2003, ọmọ ọdún 18 ni Kipchoge nígbà tó ṣáájú àwọn ògbóǹtarìgì sárésáré Hicham El Guerrouj àti Kenenisa Bekele láti di ọ̀gá àgbáyé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí eré tó sá lọ́jọ́ náà. 5,000 mítà ni. Ó gba idẹ nínú eré kan náà ní Athens 2004, ó gba fàdákà ní Beijing 2008. Nígbà tó di 2012, kò rí àyè wọ inú ikọ̀ Kenya tó lọ sí Òlíńpíìkì London. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbáyé, tó ti gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì méjì, ilé ló jókòó sí.

Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí ẹlẹ́mìí ẹṣin. Oṣù Kẹrin ọdún 2013, ní ìlú Hamburg ní Jámánì, ló sá àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì gbà á pẹ̀lú wákàtí 2, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 30. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà náà. Ọdún mẹ́wàá ló wà láàrin Paris àti Hamburg. Gbogbo ohun tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí, ẹ̀yìn ìyẹn ló ti wá: wúrà Òlíńpíìkì ní Rio 2016, àkọsílẹ̀ àgbáyé 2:01:39 ní Berlin ní 2018, ìgbà tó sá a ní 1:59:40 ní Vienna ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, tí wọn kò kà mọ́ àkọsílẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń ṣáájú rẹ̀ ń pààrọ̀ ara wọn lójú ọ̀nà, wúrà Òlíńpíìkì kejì ní Sapporo ní 2021, àti 2:01:09 ní Berlin ní 2022. Ní Paris 2024, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ 40 ọdún, kò lè parí eré náà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ fún àwọn èrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì lọ.

Níbo ló gbé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Àgọ́ kan ni, ní Kaptagat, lórí ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bíi 2,400 mítà ju òkun lọ. Lẹ́yìn tó di olówó pàápàá, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, inú àgọ́ náà ló ń sùn pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ eléré. Ó máa ń gbálẹ̀, ó máa ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Wọ́n á sáré ní òwúrọ̀, wọ́n á tún sáré ní ìrọ̀lẹ́, títí tí ọ̀sẹ̀ kan á fi kó kìlómítà tó lé ní 200 jọ. Oúnjẹ wọn kò ní àràmàǹdà kankan nínú: ugali, tó fara jọ túwó àgbàdo, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran díẹ̀, tíì oní mílíìkì. Àárín ọ̀sán, oorun. Ẹni tó bá ń wa ọ̀kadà láàrin òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kó lè rí owó ilé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí Ọlọ́run fún un ní ẹsẹ̀ tó. Ìgbà tí eléré bá ń sùn ni ara rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ kọ́.

Àwọn òbí máa ń béèrè ìdí tí ọmọ ọdún 17 tó ń sáré bí ìgalà kò fi gbọdọ̀ lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún kìlómítà 42 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí wà nínú ara fúnra rẹ̀. Èémí àti ọkàn a máa tètè le. Láàrin oṣù díẹ̀, ọmọ á rí i pé òun kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Eegun àti iṣan tó so eegun mọ́ ẹran kì í tètè le bẹ́ẹ̀, ọdún ni wọ́n fi ń gbó. Ọmọ tí èémí rẹ̀ ti ṣáájú eegun rẹ̀ á máa sáré ju ohun tí ojúgun rẹ̀ lè gbé, eegun á sì sán. Ohun kejì ni epo inú ara. Súgà tí ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú pa mọ́ kì í tó ẹni tí kò gbaradì lò dé òpin. Ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sókè, á tán, ẹsẹ̀ á wúwo bí òkúta, ojú á máa ṣú. Ọ̀pọ̀ ọdún tí eléré fi ń sáré gígùn ló fi ń kọ́ ara rẹ̀ láti ṣọ́ epo náà ná.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ Ọ̀fàdà la wà, mi ò lè sọ̀rọ̀ epo ara kí n má mẹ́nu kan ìrẹsì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà dára fún eléré ní ọjọ́ púpọ̀ nínú ọdún, torí pé wọn kì í bó èèpo rẹ̀ tán bíi ti ìrẹsì funfun, ó ń ṣe ara lóore, ó sì ń pẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kó ṣara lóore ni kò jẹ́ kó dára ní alẹ́ tí eré ku ọ̀la: èèpo yẹn wúwo níkùn, ata ayamáṣe àti epo rẹ̀ sì lè da inú rú ní kìlómítà kẹwàá. Ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ díẹ̀, omi, iyọ̀ díẹ̀, ìyẹn ló bá alẹ́ ọjọ́ náà mu. Lẹ́yìn eré, kí ìyá rẹ̀ gbé ti Ọ̀fàdà wá nínú ewé.

Ẹnìkan á ní, “Ọ̀gbẹ́ni, òkè ló ṣe é fún àwọn ará Kenya.” Òótọ́ ni pé òkè ń ṣiṣẹ́. Níbi tí ilẹ̀ ti ga, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, èròjà pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Ọ̀fàdà kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀. Ooru wa náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ sárésáré: nígbà tí wọ́n sá ẹlẹ́mìí ẹṣin àwọn obìnrin níbi ìdíje àgbáyé ní Doha ní 2019, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ooru lè dínkù, síbẹ̀ nínú obìnrin 68 tó gbéra, 40 péré ló parí rẹ̀. Mi ò fi ọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo Japan.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, nínú ooru Tokyo, Hiromi Taniguchi ọmọ Japan di ọ̀gá àgbáyé nínú ẹlẹ́mìí ẹṣin. Ọdún tó tẹ̀lé e, Koichi Morishita gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Barcelona. Àwọn méjèèjì jẹ́ òṣìṣẹ́ Asahi Kasei, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́míkà àti òwú, tó ní ẹgbẹ́ eléré rẹ̀ sí ìlú Nobeoka. Naoko Takahashi tó gba wúrà ní Sydney 2000 àti Mizuki Noguchi tó gba tirẹ̀ ní Athens 2004, ilé iṣẹ́ ló gbà wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ bákan náà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílẹ̀ wọn ni pé ilé iṣẹ́ á gba eléré bí òṣìṣẹ́, á fún un ní owó oṣù, ibùgbé àti kóòṣì. Eléré á ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì díẹ̀, á sì fi ìyókù ọjọ́ sáré. Bí ó bá ṣe dandan kó lọ sórí òkè nílẹ̀ òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ilé iṣẹ́ ló ń san án. Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń fi eré àgbékalẹ̀, tí ẹnìkan ń sá dé ibì kan kó tó fa àmì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, bá ara wọn díje. Àwọn yunifásítì ń sá tiwọn ní Hakone láti 1920. Kódà Samuel Wanjiru, ọmọ Kenya àkọ́kọ́ tó gba wúrà ẹlẹ́mìí ẹṣin ní Òlíńpíìkì, ní Beijing 2008, ilé ẹ̀kọ́ girama ní Sendai ló lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ló bá ilé iṣẹ́ Toyota Kyushu ṣiṣẹ́, níbi tí Morishita tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti jẹ́ kóòṣì rẹ̀. Ẹni tó ti jẹun nínú ètò náà ló padà wá ń fi ètò náà bọ́ ẹlòmíràn.

Abebe Bikila tó sá ẹsẹ̀ lásán ní Rome ní 1960, tó gba wúrà pẹ̀lú 2:15:16, ọmọ ogun ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie ni. Owó oṣù ẹ̀ṣọ́ ló ń jẹ nígbà tí Onni Niskanen ọmọ Sweden ń kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ àwọn eléré Kenya lónìí, iṣẹ́ ọlọ́pàá, ológun tàbí wọ́dà ni wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí pàápàá, níbi tí eré kúkúrú ti gbà wá lọ́kàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Falilat Ogunkoya, ọmọ Òde Lẹ́mọ, tó gba idẹ 400 mítà ní Atlanta 1996, lọ sí Mississippi State University. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó sá 100 mítà onídènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene ní 2022, tó sì di àkọsílẹ̀ àgbáyé, lọ sí yunifásítì ìlú El Paso ní Texas. Àwa la bí wọn, àwa la kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ wọn. Yunifásítì Amẹ́ríkà ló bọ́ wọn títí wọ́n fi gbó. Mo ń fi gbogbo ọkàn sọ èyí pé ó ń dùn mí.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká wo àyíká wa. Láti Ibafo lọ dé Mowe títí dé Ṣàgámù, àti láti Ifọ̀ lọ sí Ewékoro, ilé iṣẹ́ pọ̀ lẹ́bàá títì. A ní àgọ́ ìjọ Redemption City ní Mowe, a ní Prayer City tí í ṣe ti ìjọ MFM ní Ibafo pẹ̀lú Mountain Top University nínú rẹ̀. Ìjọ MFM ti fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe: wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù MFM FC sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà wọ líìgì gíga jù lọ ní Nàìjíríà, ní 2017 wọ́n sì parí sí ipò kejì. Bí ìjọ bá lè bọ́ odindi ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù, sárésáré márùn-ún kò lè ṣòroó bọ́.

Márùn-ún ni mo fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dọ́ márùn-ún tó ti parí girama, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ilé iṣẹ́ kan gbà sẹ́nu iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, pẹ̀lú owó oṣù odindi, fún ọdún mẹ́rin ní àkọ́kọ́. Kí wọ́n gba kóòṣì kan tó kàwé nípa iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì san owó tirẹ̀ lásìkò. Láàrin ọdún mẹ́rin yẹn, kí ẹnikẹ́ni má béèrè ẹlẹ́mìí ẹṣin lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n sá 1,500, kí wọ́n sá 5,000 àti 10,000, kí wọ́n kọ́ ìyára, kí àkọsílẹ̀ àsìkò wọn wà ní ìwé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fi hàn pé òun lè gbé e ni yóò wọ kìlómítà 21, ìyẹn ìdajì ọ̀nà, lẹ́yìn náà. Ọ̀nà tí wọn yóò máa sá kì í ṣe títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Mo ń bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan sáré ní ẹ̀gbẹ́ títì yẹn láàrin tírélà. Ọ̀nà oko wa ní ìhà Ọ̀fàdà, ilẹ̀ pupa tó rọ̀, dára fún eegun ju ọ̀dà lọ. Irú ilẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sá ní Kaptagat. Aago márùn-ún ìdájí, kí oòrùn tó yọ, kí wọ́n lọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́, kí ọmọbìnrin kankan má dá lọ. Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an: Tegla Loroupe gba ẹlẹ́mìí ẹṣin New York ní 1994, obìnrin àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gbà á, ní 1998 ní Rotterdam ó ṣe àkọsílẹ̀ àgbáyé 2:20:47. Tí a bá ka ọmọbìnrin kún, a ti sọ iye ẹsẹ̀ tí a ní di ìlọ́po méjì.

Mo tún gbọ́dọ̀ padà sí Abraham Kiptum, ẹni tó gba ti Èkó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò parí sí Eko Atlantic. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ní Valencia ní Spain, ó sá kìlómítà 21 ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 18, ó di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Oṣù Kẹrin ọdún 2019, nígbà tí eré London ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dá a dúró, torí pé àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ìyípadà tí kò bá ti ara mu wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n fòfin de é fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì pa àkọsílẹ̀ Valencia rẹ́. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, mi ò sì ní dá a lẹ́jọ́ kọjá ohun tí ìgbìmọ̀ ti dá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú iṣẹ́ tí ọjọ́ méjì lọ́dún ń gbé gbogbo ilé ró, ẹni tó ń ta oògùn tí òfin kà léèwọ̀ kì í jìnnà sí àgọ́. Tí a bá fẹ́ kí ọmọ wa lè sọ pé rárá fún un, owó oúnjẹ oṣù tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Nínú àdéhùn tí ilé iṣẹ́ bá bá àwọn márùn-ún yìí ṣe, kí ó wà níbẹ̀ ní kedere pé ẹni tó bá ṣèṣe kò ní pàdánù owó oṣù rẹ̀, pé ẹni tí kò bá yọrí láàrin ọdún mẹ́rin yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ilé iṣẹ́ náà, àti pé dókítà tó ń tọ́jú wọn kò sí lábẹ́ àṣẹ kóòṣì.

Iye tí èyí yóò ná wa ṣeé ṣírò kí oòrùn òní tó wọ̀: owó oṣù márùn-ún, owó kóòṣì kan, bàtà, oúnjẹ, ibùsùn. Mo rí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ mélòó kan níwájú níbí, mo sì rí àwọn aṣojú ìjọ. Kí a tó máa jẹ ìrẹsì tí àwọn ìyá wa ti gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo fẹ́ kí a jókòó sórí ìwé ìṣirò yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè wọn.